Igba Ìgbà Lórí Afárá Ìyànà-Ìbà

Pajápajá gbá Maimunat mú lẹ́sẹ̀ ọ̀tún láàárín afárá Ìyànà-Ìbà. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mì síhìn-ín, ó mì sọ́hùn-ún, ó sì fẹsẹ̀ kanlẹ̀ kí ó má baà ṣubú síwájú ọkọ̀ epo tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Dèjì, olórí ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wọn, rí i láti ìsàlẹ̀. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì lọ síbi pátákó, ó sì gbé e kúrò láìfa ìlà kankan. Òfin ẹgbẹ́ kò gùn: ẹni tó bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ kí ó tó dé góńgó, ìgòkè yẹn kò sí nínú kíkà. Méjìléláàádọ́jọ ló wà lórí pátákó. Igba ni wọ́n ń fẹ́, láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Aago mẹ́ta sì ti lù.

Ilẹ̀ Ọ̀jọ́ tẹ́ bí ẹní. Láti Okokomáíkò títí dé Navy Town, ẹni tó bá ń wá òkè yóò wá a tì, ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi sọ afárá di òkè. Nínú oṣù Kejìlá, wọn yóò gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí Ìgbẹ́tì ní Òkè-Ògùn, níbi tí àpáta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ọ̀run. Ẹni tí kò bá lè gun afárá nígbà igba lóòjọ́ kò ní í bá wọn lọ. Àwọn mẹ́ta ti yege, ọ̀dọ́ sì ni gbogbo wọn. Maimunat jẹ́ ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta, aránṣọ ní Okokomáíkò, kò sì tíì pé oṣù mẹ́rin tó mọ kẹ̀kẹ́ í gùn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lọ bá Dèjì, Dèjì béèrè pé ọmọ wọn tó fẹ́ kọ́ kẹ̀kẹ́ ńkọ́.

Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbẹ́tì ni wọ́n bí bàbá rẹ̀, Sájẹ́ǹtì Bàṣírù, sí, òun kò sì débẹ̀ rí. Inú bárékè àwọn sójà ní Ọ̀jọ́ ni Maimunat gbé dàgbà, nígbà tí gbogbo àárọ̀ ń rùn fún pólíìṣì bàtà àti aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ lọ̀. Bàbá rẹ̀ a gbé e sórí irin iwájú kẹ̀kẹ́ Ráléè rẹ̀. Ó ti fi àkísà wé irin náà kí ó má baà dun ọmọ. Wọ́n á forí lé ilé ìwé, Maimunat á sì máa gbọ́ èémí bàbá rẹ̀ létí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà kí wọ́n tó dé ilé ìwé náà. Lójú àgbà, kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n lójú ọmọ ọdún mẹ́fà, òkè gidi ni. Bí wọ́n bá ti kàn án, bàbá rẹ̀ a ní, "Ìgbẹ́tì rèé o. Dì í mú dáadáa." Kẹ̀kẹ́ náà kì í dúró, kì í sì í mì. Ńṣe ni ó máa ń gòkè bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gbé.

Ó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n kó àwọn bàbá rẹ̀ lọ jagun ní Làìbéríà. Bàbá rẹ̀ ṣèlérí pé bí òun bá ti dé, òun yóò kọ́ ọ ní kẹ̀kẹ́. Báàgì aṣọ rẹ̀ nìkan ló dé. Kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó pé, Maimunat ti ilé ìwé dé, ó sì bá ògiri lófìfo níbi tí kẹ̀kẹ́ máa ń fara tì. Ìyá rẹ̀, Àdìjá, ti gbé e fún ẹlòmíràn. Kò bi ìyá rẹ̀ léèrè, ìyá rẹ̀ náà kò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n kúrò ní bárékè, wọ́n kó lọ sí Ìbà, ọdún sì gorí ọdún. Maimunat ń tọ́jú ìyá rẹ̀, oúnjẹ kò wọ́n ìyá náà, bẹ́ẹ̀ ni oògùn kò tán nílé rẹ̀ rí. Àmọ́ bó bá lọ kí i, kì í jókòó pẹ́.

Lọ́jọ́ afárá yìí, Maimunat ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, ó ń tiro, nígbà tí ó rí ìyá rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló já a sílẹ̀. Aládùúgbò kan tó rí Maimunat lórí afárá láàárọ̀ ló lọ sọ fún un ní Ìbà. Ìyá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, eékún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó rìn jìnnà mọ́. Kò bínú, kò bi í léèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Ó jókòó sórí àga oníke tí Dèjì dìde fún un, ó ní kí Maimunat gbé ẹsẹ̀ wá, ó sì tú òrí kan jáde nínú ọ̀rá.

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì lágbára. Bó ṣe ń fi òrí ra ẹsẹ̀ náà, Maimunat wo pátákó, inú bí i, ó sì sọ ohun tí kò rò tẹ́lẹ̀.

"Ká ní bàbá mi ni, wọn ò ní fẹsẹ̀ kanlẹ̀. Wọn kì í sọ̀kalẹ̀."

Ìyá rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. "Òótọ́ ni. Wọn kì í sọ̀kalẹ̀." Ó tún bu òrí díẹ̀ sí i. "Èmi ni mo máa ń tì yín."

Maimunat wò ó.

"Ẹrù ọjà mi á wà lórí, màá fi ọwọ́ kan di ẹrù, màá fi ìkejì ti kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn. Ọ̀nà ọjà bárékè lèmi náà ń lọ. Ìwọ ń wo iwájú ní tìẹ, báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Nígbà tí ìyá rẹ̀ tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì ń fi oríkì Maimunat, Àníkẹ́, pè é.

"Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn ṣì ń dùn ọ́. Tí wọ́n bá ti tibi iṣẹ́ dé, ara ògiri yẹn ni wọ́n ń gbé e tì. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, bí mo bá ṣílẹ̀kùn tí mo rí i, ọkàn mi á ní wọ́n ti dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bu oúnjẹ wọn. Àníkẹ́, mo ní ọmọ tí mo fẹ́ tọ́. Mi ò lè máa bu oúnjẹ fún ògiri."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí aṣọ. Ó ní kí ó máa lọ, kí ilẹ̀ má ṣú bá a.

Maimunat gun kẹ̀kẹ́ padà. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò sáré mọ́, kò sì wo pátákó mọ́. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá dé ìsàlẹ̀, ìyá rẹ̀ wà lórí àga, ó fi gèlè bo orí nítorí oòrùn. Ó ti ń bá Dèjì sọ ìtàn ọdún tí wọ́n dé Ọ̀jọ́, nígbà tí koríko ṣì ga ju èèyàn lọ létí títì.

Nígbà tí aago mẹ́fà lù, igba ó dín mẹ́tàlá ló wà lórí pátákó. Dèjì di ṣọ́ọ̀kì mú, ó wo ojú Maimunat bí ẹni tó lè fa ìlà mẹ́tàlá kún un bí wọ́n bá ní kó fà á. Maimunat mi orí. Ó ti tán.

"Ìgbẹ́tì ò sá lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mọ́tò ń lọ síbẹ̀. Èmi náà fẹ́ rí ilé wọn kí n tó kú." Ó gbójú sókè wo afárá. "Kí ló tiẹ̀ wà lókè yẹn?"

Maimunat ní kí ó wá wò ó. Òun àti Dèjì gbé ìyá náà jókòó sórí irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́. Dèjì di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú níwájú, Maimunat bọ́ sẹ́yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì.

Ìyá náà wúwo ju bí ó ti rò lọ. Kò rí títì, kò rí góńgó afárá. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ nìkan ló rí: èjìká tí ó ti rọ̀, gèlè tí ó ti tú díẹ̀, àti irun funfun wẹ́wẹ́ lọ́rùn rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Kò mọ ìgbà tí irun náà funfun. Ìyá rẹ̀ ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ Dèjì nípa omi tó ń dán lápá Navy Town, ohùn rẹ̀ sì dùn bí ti ọmọdé.

Ẹsẹ̀ Maimunat ń gbọ̀n. Síbẹ̀, ó sọ fún Dèjì pé kí ó rọra, ó sì dín ìrìn kù, kí góńgó afárá má baà tètè dé.