Yunifásítì Méjì Nínú Ilé Fẹ̀hìntọ́lá

Yunifásítì aládàáni wà nínú pálọ̀, ti ìjọba ìpínlẹ̀ wà nínú ilé ìdáná, Fẹ̀hìntọ́lá sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú ìwé ìgbaniwọlé méjì lọ́wọ́. Orúkọ Yéwándé ọmọ rẹ̀ ló wà lára ìwé méjèèjì. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ tẹ àtàǹpàkò sórí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kí agogo méjìlá ọ̀sán tó lù. Bí kò bá tẹ ìkankan, tàbí tó bá tẹ méjèèjì, yóò pàdánù méjèèjì, yóò sì tún jókòó sílé fún ọdún kan sí i. Ó ti jókòó sílé bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì. Agogo mọ́kànlá ti kọjá, kò sì sẹ́ni tó rí Yéwándé.

Kò ya Fẹ̀hìntọ́lá lẹ́nu pé yunifásítì méjì wọ ilé òun. Ohun tó bí i nínú ni pé wọn kò kan ilẹ̀kùn, àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀.

Ó kọ́kọ́ gba pálọ̀ lọ. Wọ́n ti ri géètì onírin mọ́ ẹnu ọ̀nà, aṣọ́nà kan tó wọ súùtù sì dúró tì í. Aṣọ́nà náà ní kó fi káàdì ìdánimọ̀ hàn.

"Ilé mi nìyí o," ni Fẹ̀hìntọ́lá wí.

"Mo mọ̀, mà. Ilé yín dára. Ẹ fi káàdì yín hàn."

Kò ní káàdì. Aṣọ́nà náà fa téèpù tí Fẹ̀hìntọ́lá fi ń wọn aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ yọ láti inú àpò, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wọn síkẹ́ẹ̀tì tí obìnrin náà wọ̀. Ó mi orí. Ó ní ó ku íǹṣì kan kó tó dé orúnkún. Fẹ̀hìntọ́lá sọ fún un pé òun lòun rán síkẹ́ẹ̀tì náà, pé òun ti ń ránṣọ láti ọdún mẹ́tàlélógún, òun sì mọ ibi tí orúnkún òun wà. Aṣọ́nà ní òun gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun kọ́ lòun ṣòfin. Ni Fẹ̀hìntọ́lá bá tú gèlè orí rẹ̀, ó so ó mọ́ ìdí, ó sì wọ pálọ̀ ara rẹ̀ lọ láìdé nǹkan sórí.

Pálọ̀ náà ti fẹ̀ débi pé kò rí ògiri tó wà lódìkejì mọ́. Koríko tútù ló bo ilẹ̀ tó fọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó so táì ń rìn ní méjì-méjì, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò pariwo. Wọ́n ti gba fóònù gbogbo wọn, wọ́n kó o sínú fìríìjì Fẹ̀hìntọ́lá, àwọn fóònù náà sì ń dún níbẹ̀ láìsí ẹni tó gbé wọn. Ọjọ́ tí kálukú máa gboyè jáde wà lára kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, òwú pupa ni wọ́n fi rán an, kò sì sí ti ẹnikẹ́ni tó máa yẹ̀. Ìyẹn wu Fẹ̀hìntọ́lá púpọ̀. Ó fọwọ́ kan kọ́là ọmọbìnrin kan tó ń kọjá, ó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni.

Akọ̀wé kan jókòó sí ibi tí tẹlifíṣọ̀n máa ń wà. Fẹ̀hìntọ́lá bi í bóyá ó rí Yéwándé. Akọ̀wé náà kò wo ìwé kankan. Ó na ìka sí ìlà àwọn tó ń wọ kíláàsì, ó ní, "Òun ló ṣáájú yẹn."

Ẹni tó ṣáájú ni ìyá ọkọ Fẹ̀hìntọ́lá, tó ti kú láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é nígbà ayé rẹ̀, nítorí ọṣẹ dúdú ló ń sè tà. Eérú ṣì wà ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó so táì, ó wọ kóòtù bíi ti àwọn yòókù, ó sì ró ìró rẹ̀ àtijọ́ sábẹ́ kóòtù náà. Ìró yẹn gùn dé ilẹ̀, kò sì sí ohun tí aṣọ́nà lè sọ sí i.

Fẹ̀hìntọ́lá kúnlẹ̀. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ìyá."

"Ìyàwó mi, ṣé dáadáa ni? Má dá mi dúró, a fẹ́ wọ kíláàsì."

"Yéwándé ni mò ń wá, Ìyá. Ó ní ìwé tó fẹ́ tẹ̀."

"Ta lèmi wá jẹ́ nígbà náà?" ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá àwọn yòókù wọlé.

Èyí tó dun Fẹ̀hìntọ́lá jù ni pé kò rí nǹkan fi jiyàn. Oṣù mẹ́ta péré lẹ́yìn ikú ìyá náà ni wọ́n bí Yéwándé, gbogbo ẹbí sì ti fẹnu kò pé òun ló padà wá. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà ní ọwọ́ ni àwọn àgbà ti ń kúnlẹ̀ kí i. Òun ni wọ́n ń fún ní iwe adìyẹ. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, ó sunkún níwájú ọkùnrin kan tó fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì lé ọkùnrin náà lọ, wọ́n ní Ìyá kò fẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ebi ló ń pa ọmọ. Fẹ̀hìntọ́lá náà kì í rán an níṣẹ́ láìkọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ìwé ìgbaniwọlé méjèèjì dé, Bámgbóyè bàbá rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ máa sọ." Kí ọmọ náà tó la ẹnu, àbúrò bàbá rẹ̀ ti ní Ìyá kò lè fẹ́ ilé ìwé tí wọ́n ti ń daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ sì ti ní Ìyá tí òun mọ̀ kì í ná ìnákúnàá. Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nìyẹn. Yéwándé pa ẹnu rẹ̀ dé, kò sì sẹ́ni tó kíyè sí i.

Nígbà tí Fẹ̀hìntọ́lá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó dúró síbẹ̀, ó ń rán afẹ́fẹ́.

"Bó bá jẹ́ ti pálọ̀ lẹ mú," ni maṣíìnì wí, "èmi lẹ máa kọ́kọ́ tà."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ẹnikẹ́ni kò bi mí. Mo ní kí ẹ ti máa mọ̀ ni."

Fẹ̀hìntọ́lá sọ fún un pé òun ti mọ̀. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ tí ìwé dé, kò kàn fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rán òun létí ni, pàápàá nǹkan tí òun ń fi epo sí lẹ́sẹ̀ láràárọ̀.

Rédíò tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù dá sí ọ̀rọ̀ náà. Bámgbóyè ló wà nínú rẹ̀. Sókótó ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ lọ́jọ́ náà inú rédíò ló wà, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn. Ó ní Bámgbóyè fara mọ́ ìpinnu yòówù tí wọ́n bá ṣe nílé. Ó ní Bámgbóyè fi kún un pé òun kò fẹ́ ariwo. Lẹ́yìn náà ó sọ pé òjò lè rọ̀ ní ìhà gúúsù. Fẹ̀hìntọ́lá pa rédíò náà, ọkọ rẹ̀ sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ kàn wálẹ̀ díẹ̀ ni.

"Ẹ ṣeun o," ni Fẹ̀hìntọ́lá wí. "Gbogbo yín lẹ ṣeun."

Kò sí géètì ní ilé ìdáná. Èèyàn ni géètì ibẹ̀. Irinwó akẹ́kọ̀ọ́ ló há síbẹ̀, àwọn kan jókòó sórí àgbá omi, àwọn kan rọ̀ mọ́ fèrèsé láti ìta, àwọn kan sì ká ara wọn sáàárín àwo lórí pẹpẹ. Olùkọ́ kan dúró sínú odó kí wọ́n lè máa rí i, ó sì fi àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo sẹ́nu kí ohùn rẹ̀ lè dé ẹ̀yìn. Ó ń ṣàlàyé bí omi ṣe ń ti inú ilẹ̀ gòkè lọ sí ewé igi láìsí ẹni tó ń fà á. Ìwé mẹ́ta ni Fẹ̀hìntọ́lá kà ní girama kó tó kúrò, síbẹ̀ ó yé e yékéyéké. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi gbàgbé ìdí tó fi wọlé. Ó ní kò sí ohun tí wọ́n ń kọ́ ní pálọ̀ tó lè dùn tó èyí.

Olùkọ́ náà wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó dákẹ́ sáàárín ọ̀rọ̀, ó jáde nínú odó, ó sì lọ.

"Ìdaṣẹ́sílẹ̀," ni ẹnìkan wí láìbínú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò dìde. Irùngbọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í hù lágbọ̀n àwọn ọkùnrin inú wọn. Ọmọbìnrin kan ṣègbéyàwó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó bímọ, ó sì já a lẹ́nu ọmú. Ìrẹsì tí Fẹ̀hìntọ́lá gbé ka iná kò tíì hó. Lẹ́yìn ìgbà náà ni olùkọ́ padà wá, ó wọ inú odó, ó sì parí ọ̀rọ̀ tó dá dúró.

Fẹ̀hìntọ́lá bi àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ pé ta ló rí ọmọ òun. Gbogbo wọn na ìka lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ni wọ́n ń nà án sí. Ó fara ti ògiri, ó ti bọ́ táì, ó ń fi èédú kọ ìwé sí ọwọ́ ara rẹ̀ nítorí kò ní ìwé.

"Èyí náà dára," ni ìyá náà wí. "Bí mo bá ti kúrò ní tọ̀hún láàárọ̀, ibí ni n ó máa bọ̀."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́. Ọ̀kan ni wọ́n ní kí á mú."

"Kí ló dé tí n ó fi mú ọ̀kan? Ìgbà tí mo kọ́kọ́ wá sáyé, eérú ni wọ́n ní kí n máa pò. Mi ò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí àfi ọjọ́ tí mo lọ ta ọṣẹ níbẹ̀."

Àánú rẹ̀ ṣe Fẹ̀hìntọ́lá, ìyẹn sì tún wá bí i nínú sí i, nítorí kò ráyè àánú. Ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ó wo inú ilé ìwẹ̀, ó wo ẹ̀yìn igi ọsàn, ó ṣí ìdérí kànga, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Gbogbo ẹbí ọkọ rẹ̀ ló dáhùn láti inú omi, kálukú ló sì ń sọ ibi tí Ìyá máa fẹ́. Kò sí ohùn Yéwándé láàárín wọn. Ó fi ìdérí kànga dé wọn mọ́bẹ̀.

Nígbà tó padà wọlé, Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ́nà dúró lápá ọ̀tún rẹ̀, olùkọ́ dúró lápá òsì. Ìwé méjèèjì ti kúrò lọ́wọ́ Fẹ̀hìntọ́lá, kò mọ ìgbà tí wọ́n kúrò. Ìyá náà ti tẹ́ wọn sórí itan rẹ̀, ó sì ti ki àtàǹpàkò méjèèjì bọ inú eérú tútù. Agogo ara ògiri ku ìṣẹ́jú kan kó lu méjìlá.

"Ìyá, ẹ má tẹ méjèèjì. Wọ́n á fagi lé ọmọ náà."

"Ìyàwó mi, fọkàn balẹ̀."

Fẹ̀hìntọ́lá kò sọ pé rárá fún obìnrin yìí rí. Nígbà ayé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mà ló ń sọ, ẹ ṣeun mà ló ń sọ. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ náà, ohun kan náà ló ń sọ fún un lára ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ bí. Gbogbo rẹ̀ sú u. Ó sú u gidigidi.

"Ẹ dìde, Ìyá."

Rédíò dákẹ́. Maṣíìnì náà dúró.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ dìde kúrò níbẹ̀. Ẹ ti wá sáyé yín, ẹ ti lò ó, mo sì bá yín kẹ́dùn ohun tí ẹ ò rí gbà níbẹ̀. Ọmọ mi ló kàn báyìí."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wò ó. Kò bínú.

"O ò sọ ọ́ rí," ló wí. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó sì dìde díẹ̀díẹ̀.

Kò sí àga níbi tó dìde kúrò. Yéwándé ni ìyá náà jókòó lé lórí. Ọmọ náà wà lórí ọwọ́ àti orúnkún rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlà aṣọ ìyá náà sì ti tẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ó hàn pé ó ti pẹ́ níbẹ̀, nítorí eérú ti kún inú irun rẹ̀.

Fẹ̀hìntọ́lá ṣa ìwé méjèèjì nílẹ̀, ó tẹ́ wọn síwájú ọmọ rẹ̀.

"Yéwándé, mú èyí tó wù ọ́. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o mú un, má wojú ẹnikẹ́ni." Ó ti eérú tútù náà sún mọ́ ọn. "Àmọ́ kó o rántí maṣíìnì mi o."

Ọmọ náà kò wo àwọn ìwé náà. Ó yí ọrùn padà, ó gbójú sókè wo ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì," ló wí, ohùn rẹ̀ kò le rárá, "ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ jókòó ni?"

Fẹ̀hìntọ́lá fẹ́ sọ pé rárá. Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ìgbà náà ló rí i pé ọwọ́ òun ti kó aṣọ òun jọ lẹ́yìn, tí orúnkún òun sì ti ń tẹ̀ bọ̀ wálẹ̀.