Orúnkún Kẹtàdínlógún

Egungun náà kò gbà. Ganiat yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àbẹ́là tí wọ́n dà sí i lórí lóṣù kìíní, síbẹ̀ ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ń gba àárín àwọn méjèèjì kọjá bí ìgbà tí ilẹ̀kùn ò kan ilẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló ti rí egungun yìí nígbà tó ń gbálẹ̀: nọ́ńbà kẹtàdínlógún. Wọ́n ti sin àwọn mẹ́tàlélọ́gọ́ta yòókù.

Oṣù kẹrin ọdún 1995 ni, ní ilé ìwòsàn kan ní Kàdúná. Abẹ́ páànù, fèrèsé onírin, fáànù tí ò yí torí kò síná. Ẹni tó bá wà nínú yàrá egungun yẹn mọ ohun tí ojú ẹja ń rí nínú agolo.

Ọdún mọ́kànlá ni Ganiat fi gbá yàrá náà kó tó dẹni tí ń wọn egungun. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ń jù sílẹ̀ ló ń ṣà kà, títí tó fi lè dijú, kó sì fọwọ́ mọ egungun ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì. Nígbà tí Dókítà Ahmed, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kabala Doki ní Kàdúná yìí, ti òkè òkun dé, ó ní òun fẹ́ mọ bí orí egungun ojúgun ṣe rí gan-an, níbi tí itan ń jókòó lé: ibi tó jìn, ibi tó ga. Ìwọ̀n yẹn ni wọn yóò fi rọ orúnkún irin fún àwọn aláìsàn. Ẹ̀rọ dà? Kò sí. Ganiat ló ní, "Àbẹ́là ńkọ́?"

Láàárọ̀ ọyẹ́, wọ́n yọ́ àbẹ́là, wọ́n dà á sórí egungun mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Ó dì gbagidi, wọ́n yọ ọ́ bí ẹni yọ mọ́ínmọ́ín nínú agolo. Lẹ́yìn náà làwọn àgbà ìlú ní ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n sin egungun ọmọ ènìyàn kí ààwẹ̀ tó wọlé. Wọ́n kó wọn lọ sin lọ́nà Afaka. Ẹ̀yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni Ganiat tó jókòó ti àwọn àbẹ́là náà, tó ń fi irin ìwọ̀n wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èsì rẹ̀ mì ìlú: orúnkún tiwa tẹ́ ju ti òyìnbó lọ! Dókítà ní ìlóṣòó àti ìkúnlẹ̀ wa ló fà á. Lémọ́ọ̀mù fi ṣe wáàsí, ó ní ìforíkanlẹ̀ ni. Nípàdé àwọn ará Kwara tó ń gbé Kàdúná, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Ganiat oníwèé mẹ́fà, tí orúkọ rẹ̀ yóò tẹ̀lé ti dókítà nínú ìwé tí ń lọ sókè òkun.

Wàyí o, egungun kan ti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù jáde, ó pe gbogbo wọn ní òpùrọ́. Orúnkún kò tẹ́. Àbẹ́là ló tẹ́. Ooru ti mú un rọ̀ lábẹ́ páànù, ó ti rì díẹ̀díẹ̀ kí irin ìwọ̀n tó kàn án.

Dókítà já wọlé tòun ti ìwé lọ́wọ́, ó fi orúkọ ọmọ Ganiat pè é.

"Ìyá Moyinọlá, ẹ bá mi fọwọ́ sí i kíá. Ọkọ̀ Èkó ń dúró. Orúnkún Alhaja Zulaiha ni wọ́n máa kọ́kọ́ rọ."

Alhaja Zulaiha! Obìnrin tó ti ń jókòó sórí àga kírun láti ọdún mẹ́fà torí orúnkún tó bàjẹ́.

"Dókítà, ẹ kọ́kọ́ wo èyí."

Ó wò ó. "Ọ̀kan ṣoṣo nìyẹn. Egungun náà lè ti wú."

"Egungun wú? Haba, Dókítà! Ṣé ẹ̀wà ni?"

"Ìyá, ta ló da àbẹ́là? Ta ló wọ̀n ọ́n? Tí ìwé yìí bá dàrú, orúkọ ta ni wọ́n máa pè, ti mégàdì?"

Dókítà dúró síwájú ilẹ̀kùn. Bí Ganiat bá fọwọ́ sí i, irin tí ò bá egungun mu yóò wọ ẹsẹ̀ Alhaja. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀, kò tíì gbàgbé ọwọ́ rẹ̀.

Ganiat tan sítóòfù. Ó yọ́ àbẹ́là, ó dà á sórí nọ́ńbà kẹtàdínlógún, ó fi omi tútù mú un dì. Ó yọ ọ́, ó tún dá a padà: ó bá a mu bí ìdérí bá ìkòkò. Ó wá gbé àbẹ́là náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí páànù ti gbóná jù.

"Ẹ jókòó, Dókítà. Ẹ jẹ́ ká jọ gba ooru."

"Mo ní ọkọ̀ ń dúró!"

"Kó dúró. Alhaja náà ń dúró."

Wọ́n jókòó títí wọ́n fi pe ìrun Àsàrì. Ganiat gbé àbẹ́là náà wálẹ̀, ó fi egungun sí i. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín gba àárín wọn kọjá. Dókítà rí i.

Ganiat mú báírò pupa, ó kọ ọ́ gàdàgbà sójú ìwé àkọ́kọ́: *Àbẹ́là la wọ̀n. A ò wọn egungun.* Ó fọwọ́ sí i, orúkọ rẹ̀ lódindi.

"Ó yá, ẹ máa gbé e lọ."

Dókítà káwọ́ lérí. Ọkọ̀ fun fèrè níta, ó fun fèrè, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó dìde nínú wọn. Egungun mẹ́tàlélọ́gọ́ta wà nínú ilẹ̀ Afaka, kò sì sẹ́ni tó máa jẹ́ kí wọ́n hú wọn.

Ọ̀pá kan lu irin fèrèsé. Alhaja Zulaiha ni. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ tó máa ń wá gba oògùn.

"Ìyá Moyinọlá, sannu o! Ṣé orúnkún mi ti dé?"

"Kò tíì dé, Alhaja. Gbogbo èyí tá a ní ò ju ẹyọ kan lọ."

"Ẹyọ kan náà ni mo bèèrè! Àbí mélòó ni mo fẹ́ fi rìn?"

Ganiat fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó mú irin ìwọ̀n, ó fi wọn egungun kan ṣoṣo náà.