Iye Owó Etí Kan

Àna mi ni wọ́n ní kí n wá dá ẹjọ́ rẹ̀. Àbúrò ìyàwó mi ni, ọ̀dọ̀ mi ló sì ti kọ́ iṣẹ́ rédíò ọkọ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi wà lẹ́yìn mi, tó ń wo bí mo ṣe ń tú inú ilẹ̀kùn ọkọ̀ láìfọ́ nǹkan kan, bí mo ṣe ń fa waya lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí ojú kò fi ní rí i. Nígbà tó gba òmìnira, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí òdìkejì títì, ó fi gíláàsì ṣe gbogbo iwájú rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Bó ṣe di Onígíláàsì nìyẹn.

Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni ọ̀rọ̀ tó sọ fún oníbàárà kan pé ọkọ̀ tí mo bá ṣe, apá òsì ló máa ń pariwo. Oníbàárà ọ̀hún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tutù kó tó gbé e wá fún mi. Láti ọjọ́ yẹn, n kò dá àna mi lóhùn mọ́. Tó bá kí mi ní títì, ojú ọ̀run ni mo máa ń wò bí ẹni pé òjò fẹ́ rọ̀. Ìyàwó mi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó tán. Mo ní kò ní tán.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, Alága àwa oníṣẹ́ rédíò ọkọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní obìnrin lọ́yà kan ti mú ẹjọ́ Onígíláàsì wá. Sípíkà mẹ́rin àti áńpù kan tó ń gbé ohùn wọn sókè, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún ni obìnrin náà rà wọ́n. Onígíláàsì wá gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin láti kàn wọ́n mọ́ ọkọ̀. Ẹlòmíràn ti sọ fún un pé ogún lòun ì bá gbà. Lọ́yà ní bí a kò bá yanjú ẹ̀, ilé ẹjọ́ ni yóò gbé e lọ.

Òfin wa kò ṣókùnkùn. Ẹni tó bá gba àgbàjù yóò dá owó padà, yóò sì ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Alága ní pẹ̀lú owó ilé tí Onígíláàsì ń san lórí gíláàsì rẹ̀ yẹn, bó bá ti ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mẹ́ta, kò ní ṣí i mọ́.

Mo bi í léèrè pé kí ló dé tó jẹ́ èmi ni wọ́n wá bá, nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé èmi àti ẹ̀ kì í sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ìdí ẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ìwọ bá ní kò pọ̀, ta ló fẹ́ bá wa jiyàn?"

Mo gbà. Inú mi dùn, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n inú dídùn náà kò pẹ́ kí nǹkan mìíràn tó gba ipò rẹ̀. Ó ti tó ọdún kan tó jẹ́ pé tí mo bá gbé fóònù sí etí òsì, ọ̀rọ̀ kì í dá ṣáká. Mo ti pààrọ̀ fóònù nítorí rẹ̀. Ti tuntun náà ń ṣe bákan náà, mo bá kúkú ń fi í sí ọ̀tún. Mo máa ń sọ fún ara mi pé fóònù ayé òde òní kò dára mọ́. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ dá ẹjọ́ sípíkà gbọ́dọ̀ gbọ́ sípíkà.

Ìyàwó mi rí i pé n kò jẹun ní alẹ́ yẹn. Ó yí kọjá sí apá ọ̀tún mi kó tó sọ̀rọ̀. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́; mo rò pé àṣejù obìnrin lásán ni.

Ó ní, "Bàbá wọn, ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ sọ. Ìyá mi ò bí ọmọkùnrin méjì."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a pàdé ní àgbàlá Alága. Lọ́yà dúró ti ọkọ̀ rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi fáìlì há abíyá bí ẹni pé wọ́n fẹ́ jí i. Ó ní òun kì í ṣe ahun, ṣùgbọ́n òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ òun di òpè. Àwọn oníṣẹ́ bíi márùn-ún ti jókòó sórí táyà, wọ́n wá wòran. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ní, lónìí ni gíláàsì máa fọ́. Onígíláàsì fúnra rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ ti rọ bí ewé tí oòrùn pa. Ó kí mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá." Mo ní kí wọ́n bá mi ṣí iwájú ọkọ̀.

Mo wá àbùkù níbẹ̀ bí ẹni ń wá iná nínú irun. Ìdí bátìrì ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀lẹ ti máa ń jí iṣẹ́ jẹ. Fíúsì wà níbẹ̀, kò jìnnà sí bátìrì ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Níbi tí waya ti gba inú irin wọlé, ó fi rọ́bà yí ihò náà ká kí irin má baà gé e. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì. Waya iná gba apá kan, waya ohùn gba apá kejì, wọn kò fara kan ara wọn títí dé búùtù. Mo tú ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ti lẹ rọ́bà dúdú mọ́ gbogbo inú irin wọn kí irin má baà máa gbọ̀n tí sípíkà bá ń dún. Nílẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo rí ọ̀kan nínú àwọn pín-ìn rọ́bà tó ń di ìbòrí ilẹ̀kùn mú, ó ti ṣẹ́. Mo fà á yọ, mo fi í sí àpò.

Iṣẹ́ náà dára. Ẹni tó bá rí i ní ọ̀nà tí mo gbà rí i kò ní sọ pé ogún ẹgbẹ̀rún ló tọ́ sí i. Ó wá ku ohùn.

Mo wọ iwájú ọkọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo yí gíláàsì sókè. Lọ́yà ti fi orin kan sílẹ̀ níbẹ̀: ohùn obìnrin, gìtá, àti nǹkan kan tó ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ bí iyanrìn nínú páànù. Mo fa gbogbo ohùn sí ọ̀tún. Ó mọ́ gaara. Mo fà á sí òsì.

Obìnrin tó ń kọrin bọ́ sínú kànga. Gìtá ń dún bí ẹni tó ń lu ògiri ilé kejì. Iyanrìn inú páànù kò sí mọ́ rárá.

Mo tún fà á sí ọ̀tún, mo tún fà á sí òsì. Bákan náà ni. Nǹkan kan nínú mi fò sókè fún ayọ̀: sípíkà òsì ti kú, iṣẹ́ bàjẹ́, àgbàjù ni. Kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo ti gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn láti jáde.

N kò jáde. Ọwọ́ tó fi fíúsì sí ibi tí mo rí i yẹn, ṣé òun ló máa fi sípíkà tó ti kú sílẹ̀ lójú oníbàárà? Mo rántí fóònù méjèèjì. Mo rántí ìyàwó mi tó ń yí kọjá sí ọ̀tún.

Mo mọ bí mo ṣe lè mọ òótọ́. Kò gbà ju kí n kọ̀yìn síwájú, kí n kọ etí ọ̀tún sí ilẹ̀kùn òsì. Ṣùgbọ́n gíláàsì ọkọ̀ kò ní aṣọ, èèyàn mẹ́jọ ló sì ń wò mí. Ta ni nínú àwọn oníṣẹ́ rédíò tí kò ní mọ ìdí tí ọkùnrin fi ń yí orí padà láti gbọ́ sípíkà? Kí ọjọ́ tó ṣú, gbogbo títì yóò gbọ́. Ta ló máa gbé ọkọ̀ wá fún adití kó bá a ṣe ohùn? Ọmọ mi méjì ṣì wà níléèwé. Bí mo bá sì jáde báyìí tí mo ní sípíkà kú, kò sẹ́ni tó máa mọ nǹkan kan, àfi Onígíláàsì, ta ló sì máa gba tirẹ̀ gbọ́?

Mo jókòó bẹ́ẹ̀ títí orin náà fi parí tó tún bẹ̀rẹ̀. Alága fi ìka kan gíláàsì. Mo wo Onígíláàsì. Kò wò mí. Ilẹ̀ ló ń wò, ó ń fi ẹsẹ̀ yí òkúta kékeré kan síwá sẹ́yìn.

Mo yíjú padà. Mo fi eékún gun àga bí ọmọdé tó ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀, mo gbé etí ọ̀tún ti ilẹ̀kùn òsì.

Obìnrin náà jáde láti inú kànga. Gìtá mọ́, iyanrìn inú páànù ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́, hóró kan kò jábọ́. Sípíkà náà kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni òye kejì wọlé, òun ló sì dùn mí jù: bí etí òsì mi kò bá gbọ́, á jẹ́ pé gbogbo ọkọ̀ tí mo ti ń ṣe láti ọdún kan, mo ti ń gbé ohùn òsì wọn sókè títí tí èmi fi ń gbọ́ ọ. Òótọ́ ni wọ́n ń pariwo.

Mo jáde.

Mo ní kò sí àgbàjù. Mo ní ilẹ̀kùn mẹ́rin, wákàtí méjì-méjì, mẹ́jọ nìyẹn. Waya láti bátìrì dé búùtù, wákàtí mẹ́ta. Áńpù àti títún ohùn ṣe, mẹ́rin. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹgbẹ̀rún márùn-ún márùn-ún, ó di ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́rin. Rọ́bà inú ilẹ̀kùn kò lè dín ní mẹ́wàá. Ó yẹ kó gba márùndínláàdọ́rùn-ún, ọgọ́rin ló gbà. Mo wá yọ pín-ìn rọ́bà tó ṣẹ́ jáde nínú àpò, mo ní kó dá ẹgbẹ̀rún kan padà nítorí èyí. Àwọn tó wà lórí táyà rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́yà bi mí pé ẹni tó ní ogún lòun máa gbà ńkọ́. Mo ní ìyẹn á lọ́ waya mọ́ra, á fi téèpù dì í, kò ní sí fíúsì, kò ní sí rọ́bà. Tí wọ́n bá tẹná mọ́ ọkọ̀, sípíkà á máa hu. Tí waya bá gbóná lọ́jọ́ kan, iná ni.

Ó kọ nǹkan sínú fáìlì. Lẹ́yìn náà ló gbé ojú sókè.

"Kí ló dé tí ẹ fi kọ̀yìn síwájú nínú ọkọ̀?"

Mo lè ní mo ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó wà lẹ́nu mi.

Mo ní, "Etí òsì mi ò gbọ́ mọ́. Ọ̀tún ni mo fi gbọ́ méjèèjì."

Alága bi mí pé láti ìgbà wo. Mo ní n kò mọ̀. Ẹnì kan lórí táyà súfèé, ẹnì kejì gbá a lórí. Lọ́yà wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó fa ohùn sí òsì, ó fà á sí ọ̀tún, ó jáde, ó ní kí Onígíláàsì fún òun ní ẹgbẹ̀rún kan òun. Ó fún un. Ṣọ́ọ̀bù kò tì. Àna mi wò mí bí ẹni tó fẹ́ dúpẹ́, mo wo ojú ọ̀run.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹni méjì tó ti bá mi dá ọjọ́ kò wá. Mo jókòó, mo ń ronú kan àwọn ọkọ̀ ọdún kan yẹn, wọ́n á tó ọgbọ̀n. Mo pe olùkọ́ kan tí mo ṣe tirẹ̀ ní oṣù tó kọjá. Ó ní òun rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ni, òun ti fi aṣọ àtijọ́ dí sípíkà òsì pa. Mo ní kó gbé ọkọ̀ náà wá, n kò ní gba kọ́bọ̀.

Nígbà tó gbé e dé, mo wà á sọdá títì. N kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí. Onígíláàsì rí mi láti inú gíláàsì rẹ̀, ó jáde, ó ń nu ọwọ́.

Mo ní, "Èló lo máa gbà láti bá mi gbọ́ ọkọ̀ kan?"

Ó ronú díẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, Bọ̀dá."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta? Láti jókòó?"

"Láti gbọ́."

Mo ní ẹgbẹ̀rún kan. Ó mi orí. Mo ní àna ẹni kì í rẹ́ni jẹ. Ó ní àna ẹni kì í sì wo ọ̀run tí wọ́n bá kí i. Mo ní kó gba kan àbọ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ níwájú Alága pé mi ò gba àgbàjù?"

Mo ka ẹgbẹ̀rún mẹ́ta sí i lọ́wọ́. Ó wọ iwájú ọkọ̀, ó jókòó, èmi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ti ilẹ̀kùn. Mo fa aṣọ àtijọ́ náà kúrò lára sípíkà, mo tan orin.

Ó ní kí n fa òsì wálẹ̀. Mo fà á. Ó ní díẹ̀ sí i. Mo tún fà á. Ó ní díẹ̀ sí i, Bọ̀dá. Ọwọ́ mi ṣì wà lórí bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n ibi tó ń mú mi lọ yìí, n kò gbọ́ ohùn òsì kankan níbẹ̀ mọ́.

Ó ní, "Ó tó."

Mo mú ọwọ́ kúrò.