Ìbọn Oníporo Márùn-ún

Mo ti ń pa àgbọ̀nrín lórí àwọn òkè Kentucky yìí kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí ní arúgbó. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Roscoe ọmọ mi jókòó sídìí ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo mi, tó ní òun fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ mi, inú bí mi débi pé mo ti àwo oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá lẹ yìnbọn lánàá, ẹyọ kan ò ba ojú àmì. Ojú yín ti ń lọ."

"Ojú ta ni? Ojú yìí náà ló rí ọ lọ́jọ́ tí o fi mọ́tò mi gbá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì!"

"Ó ti lé lógún ọdún, Bàbá. Ẹ tún gbìyànjú ní Sátidé. Tí kò bá bà á, ẹ gbé ìbọn fún mi."

Mo gbà. Ohun tí n kò sọ fún un ni pé ẹ̀rù ti ń ba èmi náà. Láràárọ̀ ni mò ń di ojú kan, tí mo ń fi ìkejì wo kàlẹ́ńdà ara ògiri.

Omíyalé ló gbé ìbọn mi àtijọ́ lọ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ló dáwó ra èyí fún mi, ìbọn ológun àtijọ́. Èmi fúnra mi ni mo ń rọ ọta mi. Inú ọ̀pá ìbọn ní poro tó lọ́ yíká, ebè sì wà láàárín wọn, bíi ti oko. Ọta gbọ́dọ̀ kún poro náà dé ìsàlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní yí dáadáa lójú ọ̀nà. Torí náà, èèyàn á fi òòlù gbá òjé rírọ̀ gba inú ọ̀pá kọjá kí àmì poro lè hàn lára rẹ̀, á fi irin ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì wọn òjé náà, á wá rọ ọta tó fi díẹ̀ jù ú lọ. Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń ṣe é.

Ní Fúráìdé, Wilma Jean Caudill aládùúgbò mi sọdá odò wá, ó gbé ìgò èso ápù sísè dání. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wọn irin nílé iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ó rí bébà tí mo yìnbọn sí lórí tábìlì.

"Bàbá Delmer, kí ni gbogbo ihò gígùn yìí?"

"Wọ́n ní ojú mi ń lọ."

"Ojú yín ló ń jẹ́ kí ọta fẹ̀gbẹ́ wọ bébà? Ẹni tí kò ríran á yìn síbi tí kò yẹ, àmọ́ ihò rẹ̀ á ṣì rí roboto. Ẹ gbé òjé tí ẹ wọ̀n wá."

Ó yí i lójú fèrèsé, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ka poro ibẹ̀ fún mi."

Mo kà á. Márùn-ún. Mo tún un kà.

"Ìbọn tí omíyalé gbé lọ ńkọ́?"

"Mẹ́rin ni tìyẹn."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Tó bá jẹ́ mẹ́rin, poro á kọjú sí poro. Tó bá jẹ́ márùn-ún, poro á kọjú sí ebè. Irin ẹlẹ́nu méjì yín ò lè kan poro méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbọn tí kò sí láyé lẹ ń rọ ọta fún!"

Ojú tì mí. Ó gé agolo bíà pẹlẹbẹ, ó fi wé òjé náà yíká kí ẹnu irin ìwọ̀n lè rí ibi tí yóò bà níhà méjèèjì, ó wọ̀n ọ́n, ó sì yọ nínípọn agolo náà kúrò lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ọta mi fi kéré kò tó bébà méjì tí a tò léra. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó lọ gbé irin tí olóògbé ọkọ rẹ̀ fi ń da ọta wá, tó tóbi ju tèmi lọ, a sì jọ da òjé títí di ìrọ̀lẹ́.

Ní Sátidé, Roscoe káwọ́ gbera lẹ́yìn mi. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ mú bébà wá, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń rìn bọ̀. Ihò márùn-ún, roboto, àtẹ́lẹwọ́ kan bò wọ́n.

Ó ṣí fìlà rẹ̀. "Bàbá, ẹ foríjì mí."

Mo bú sẹ́kún. Ilé Wilma ni mo gbà lọ tààrà, bébà náà lọ́wọ́ mi.

"Mo ti gbà pé ojú mi ti lọ, Wilma," ni mo wí. "Mo ti ń múra láti jókòó de ikú. O ṣeun. O ṣeun gan-an."

Ó wo bébà náà, ó nu ojú rẹ̀, ó sì tì mí léjìká.

"Ẹ máa lọ jàre, Bàbá. Àgbọ̀nrín ò ní jókòó dè yín."