Ta Ni Bàbá Ajá Yìí?

Inú kòtò tí mo máa ń wọ̀ láti tún abẹ́ mọ́tò ṣe ni mo ti bá ajá náà, láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú. Omi ti mù ún dé àyà. Okùn tó já ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà, irun ara rẹ̀ sì pupa bí irin tó ti dógùn-ún. Mo wọ inú omi náà, mo gbé e jáde, mo fi àkísà nù ún, mo sì fún un ní àkàrà tí mo fẹ́ fi mu ẹ̀kọ. Ó jẹ àkàrà náà tòun ti bébà tí wọ́n fi wé e.

Ẹ má yìn mí. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ náà ni mo lé ìyàwó mi àti ọmọ rẹ̀ kúrò nílé mi ní Ẹ̀jìgbò, mi ò sì fún ọmọ náà ní òkèlè kan kí ó tó lọ. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé Mùíbì mẹkáníìkì lé ọmọ, ó gba ajá. Wọn ò purọ́ mọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Abíjàn ni èmi àti Àríkẹ́ ń gbé tẹ́lẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ará ìlú wa. Lọ́dún 1987, mo padà wálé láti wá dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Oyún Àríkẹ́ ti pé oṣù méjì nígbà náà. Mo ní bí ṣọ́ọ̀bù bá ti dúró, màá ránṣẹ́ pè é. Ṣọ́ọ̀bù dúró lóòótọ́. Mo ra jáàkì ńlá méjì, mo kan páànù, mo kọ orúkọ mi gàdàgbà síwájú. Àwọn lẹ́tà tí Àríkẹ́ ń fi rán àwọn awakọ̀ Abíjàn ń dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ń kà wọ́n, mo ń kì wọ́n bọ àpò, mo ń ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Àríkẹ́ rí i pé oṣù tó ń bọ̀ yẹn ò ní dé láéláé, ó kó ẹrù rẹ̀, ó wọ mọ́tò wálé, òun àti ọmọbìnrin tó bí, Sàídátù, tó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n dé. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí dé ni. Ìyá mi wà ní pálọ̀, Sùlàímọ́nù télọ̀ tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ṣọ́ọ̀bù mi náà wà níbẹ̀. Irun orí ọmọ náà fẹ́lẹ́, ó sì pupa. Àwọ̀ ara rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún, bí ọmọ tó ń jẹ àjẹyó. Ìyá mi di àgbọ̀n rẹ̀ mú, ó yí ojú rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀, ó tún yí i sí òdìkejì, bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́.

“A ò lẹ́ni tó pupa báyìí nínú ilé wa,” ni ìyá mi wí.

Sùlàímọ́nù wúkọ́. Ọdún mẹ́wàá ló lò ní Abíjàn, ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo ló gbé bọ̀, àmọ́ ìmọ̀ tó kó bọ̀ kò ṣeé gbé.

“Lẹ́bánónì ni,” ó ní. “Àwọn ló ni àwọn ṣọ́ọ̀bù ńláńlá tí àwọn obìnrin wa ń bá wọn tajà. Ẹ wo irun yìí. Mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó.”

Ìyá mi ní àbí Lárúbáwá ni. Wọ́n ń jiyàn lé ọmọ náà lórí, ọmọ náà sì dúró sáàárín wọn, kò sunkún, kò mira. Mo jókòó, mo ń gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mọ́ mi. Ẹni tó ti gbàgbé ìyàwó rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ẹ̀sùn tí yóò kà sí i lẹ́sẹ̀ ló ń wá.

Àríkẹ́ ò pariwo, kò búra. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ tó fi kí wa, ó ń wò mí. Ohun kan ṣoṣo ló sọ.

“Ẹ fún un lóúnjẹ ná, kí ẹ tó máa wò ó.”

Mo gbà pé ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ bo ọ̀rọ̀ ni. Mo ní kí ó gbé ọmọ Lẹ́bánónì rẹ̀, kí ó máa lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Ara. Ó pọn ọmọ náà, ó gbé ẹrù rẹ̀ karí, ó gba ọ̀nà páàkì lọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mẹ́ta ló wà ní pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wá wo bí a ṣe ṣe nígbà tí ajá dé. Mi ò lè mú un wọlé, nítorí itọ́ ajá àti àlùwàlá. Ṣọ́ọ̀bù ni mo fi í sí, bí ó bá sì lá mi lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀meje ni mò ń fọ̀ ọ́. Àmọ́ oúnjẹ rẹ̀ kì í yẹ̀. Orí ẹja, egungun, ẹyin tó bá sán, ohunkóhun tí mo bá rí ní ọ̀dọ̀ àwọn olóúnjẹ òdìkejì ọ̀nà, mò ń gbé e fún un. Mo sọ ọ́ ní Tanímọ̀.

Bí iṣẹ́ bá ti rọlẹ̀ nírọ̀lẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ mi á jókòó sórí àwọn táyà àlòkù, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n wá bàbá fún ajá. Fábọ̀sẹ̀, tó ń ṣọdẹ lọ́nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, á gbá etí rẹ̀ mú.

“Ẹ wo bí etí ṣe nà ró. Ajá ọdẹ Ìbàrìbá ni ìyá rẹ̀. Àmọ́ pupa yìí, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló gun ìyá náà nínú igbó.”

“Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bàbá ta ni?” Matthias á dá a lóhùn. Matthias ti wa mọ́tò fún òyìnbó kan ní Jọs rí, kò sì sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láyé tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí òyìnbó rẹ̀. “Ẹ wo bí àyà rẹ̀ ṣe gbòòrò. Ásélíṣíàn, ajá òyìnbó, ni bàbá rẹ̀. Ọ̀gá mi ní irú ẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn.”

“Mẹ́ nọ́n!” Sùlàímọ́nù á fi Faransé já a. “Ẹ̀yin méjèèjì ò mọ nǹkan kan. Ajá àwọn sọ́jà Faransé ni. Irun pupa yìí làmì wọn. Mo mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó.”

Kò sẹ́ni tó bi í bí ajá sọ́jà Faransé ṣe rìn dé inú kòtò mi. A ń rẹ́rìn-ín ni. Èmi gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a wà lẹ́nu eré náà ni awakọ̀ kan láti Ara dúró, ó ní Àríkẹ́ ní kí òun sọ fún mi pé ẹsẹ̀ ọmọ náà ń wú sí i, àwọn ń gbé e lọ sọ́sibítù. Mo ní kó bá mi sọ fún un pé kó ránṣẹ́ sí Lẹ́bánónì. Ẹ̀rín tún sọ. Ajá ń jẹ ẹyin lẹ́sẹ̀ mi.

Bí ọyẹ́ ṣe wọlé, irun ajá náà bẹ̀rẹ̀ sí í re, òmíràn sì ń hù. Dúdú ni èyí tó ń hù. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ dúdú, lẹ́yìn náà ọrùn, lẹ́yìn náà itan. Nígbà tí ọdún fi máa parí, Tanímọ̀ ti dúdú kirikiri, ó ń dán. Pupa díẹ̀ ló kù sí ṣóńṣó ìrù rẹ̀. Ẹ rò pé àwọn amòye mi á dákẹ́? Fábọ̀sẹ̀ ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa ń pa àwọ̀ dà. Matthias ní ajá ọ̀gá òun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà ọyẹ́. Sùlàímọ́nù ní dúdú yẹn ni àwọ̀ ogun wọn.

Àárín àríyànjiyàn yìí ni dókítà ẹran gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Fadékẹ́mi lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń lọ láti abúlé dé abúlé láti fún ewúrẹ́ àti màlúù lábẹ́rẹ́. Ìjàpá àtijọ́ ni mọ́tò rẹ̀, kàbọ̀rétọ̀ ló ń dà á láàmú. Mo ti tú u, mo ń fọ̀ ọ́ lọ́wọ́, nígbà tí Sùlàímọ́nù ké sí i.

“Dókítà, ẹ wá bá wa dá ẹjọ́ yìí. Irú ajá wo ni èyí?”

Fadékẹ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó la ẹnu ajá náà, ó wo eyín rẹ̀, ó fọwọ́ tú irun ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo pupa tó kù ní ìrù.

“Ajá ìbílẹ̀ lásán ni,” ó ní. “Ìyá rẹ̀, ajá ìbílẹ̀. Bàbá rẹ̀, ajá ìbílẹ̀.”

“Irun pupa tó ní nígbà tó dé ńkọ́?”

“Ebi ni, sà. Dúdú ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ebi bá pa ajá dúdú pẹ́, tí kò rí ẹran tàbí ẹja jẹ, irun rẹ̀ lè pọ́n. Bó bá ti rí oúnjẹ gidi, á tún dúdú. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀.” Ó dìde, ó ń gbọn ọwọ́. “Ọmọ ènìyàn náà ò yàtọ̀. Ṣé ẹ ò tíì rí ọmọ tí irun rẹ̀ pọ́n, tó fẹ́lẹ́, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, táwọn èèyàn á máa ní ó sanra? Ebi náà ni.”

Fábọ̀sẹ̀ ń wo ilẹ̀. Matthias ò rántí ohun tí òyìnbó rẹ̀ wí. Sùlàímọ́nù ní òun ní aṣọ tí òun fẹ́ gé, ó dìde, kò wò mí lójú, ó lọ. Mo ṣe kàbọ̀rétọ̀ náà tán, mi ò mọ bí mo ṣe ṣe é.

Gbogbo wa la mọ kuaṣiọ́kọ̀, àrùn ebi tó ń ṣe ọmọdé. A rí fọ́tò rẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé, ọmọ tó gbẹ, tí ikùn rẹ̀ yọ síta. Mo lè ní n kò mọ̀ pé ó máa ń wá pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kíkún. Àmọ́ irọ́ ni màá pa bí mo bá ní wọn ò sọ fún mi. Àríkẹ́ sọ fún mi lórí ìkúnlẹ̀, mo sì gbọ́ ọ. Ebi ọ̀hún, èmi ni mo fi í pa wọ́n, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ọmọ mi gbé àmì ẹ̀ṣẹ̀ mi wálé sórí, mo ní ti bàbá mìíràn ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ra ẹyin kíréètì kan, mo wọ mọ́tò Ara. Kíréètì náà wà lórí itan mi, mo fọwọ́ méjèèjì dì í mú, mo ń ka ẹ̀bẹ̀ tí màá bẹ̀ lọ́kàn.

Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ ni mo ti bá Àríkẹ́, ó ń bẹ́ ẹ̀gẹ́. Ọmọbìnrin kan ń kó èèpo sínú apẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irun rẹ̀ dúdú, ó kún, wọ́n di ṣùkú fún un. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fọn, ó ń ta kébékébé kiri. Iwájú orí rẹ̀ yọ bíi ti ìyá mi, eyín iwájú rẹ̀ sì là bíi tèmi. Afọ́jú á mọ ẹni tó bí i.

Àríkẹ́ rí mi, ó sì kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, sà.”

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, kò pè mí ní sà rí. Ì bá bú mi, ara ì bá tù mí. Ọmọ náà wò ó, ó kúnlẹ̀ tẹ̀ lé e.

“Bọ́njúù, tọ́ntọ́n,” ó ní, bí àwọn ọmọ Abíjàn ṣe ń kí àgbà ọkùnrin tí wọn ò mọ̀ rí.

Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo kà lọ́nà fò lọ. “Àríkẹ́, mo wá tọrọ àforíjì,” mo ní. “Mo wá kó yín lọ sílé. Ọmọ mi ni.”

“Ìgbà wo lẹ mọ̀?”

“Lánàá.”

“Ta ló sọ fún yín?”

Mi ò lè parọ́ fún un mọ́. “Dókítà ẹran ni. Ajá kan ló ń bá wa yẹ̀ wò.”

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ sunkún ni, àmọ́ ẹ̀rín ló rín, ẹ̀rín kúkúrú kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi.

“Èmi tí mo bí i sọ fún yín, ẹ ò gbà,” ó ní. “Ajá ló wá ṣe ẹlẹ́rìí mi.” Ó yíjú sí ọmọ náà. “Sàídátù, dìde. Wo ọkùnrin yìí dáadáa. Ta lo rò pé ó jẹ́?”

Ọmọ náà dìde, ó sún mọ́ mi. Ó wo ojú mi, ojú náà ò sọ nǹkan kan fún un. Ó wo ẹ̀wù mi. Lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ó tún yí i sí òdìkejì, ó ń wo ọ́ìlì dúdú tí kì í tán lábẹ́ èékánná mi. Mò ń bẹ Ọlọ́run. Wọ́n máa ń ní ẹ̀jẹ̀ a máa mọ ẹ̀jẹ̀.

“Mẹkáníìkì ni,” ó ní.

“O gbà á,” ni Àríkẹ́ wí.

“Mọ́tò ta ló bà jẹ́, Màámi?”

“Kò sí ohun tó bà jẹ́ níbí mọ́. Wọ́n ṣìnà ni.” Ó gbé ọ̀bẹ rẹ̀, ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Mo gbé kíréètì ẹyin náà sí ẹnu ọ̀nà wọn, mo lọ. Lọ́jọ́ kejì, awakọ̀ Ara yẹn dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó gbé kíréètì náà sọ̀ kalẹ̀ fún mi.

“Àríkẹ́ ní kí n sọ fún yín pé ọmọ ti jẹun.”

Mo ka ẹyin náà. Ó pé, ẹyọ kan ò fọ́. Ajá ni mo fi bọ́.