Omi Ewé Inú Yàrá Àgbàdo

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ: láti ọjọ́ tí Wùnmí ti wọlé ni ìyá ọkọ rẹ̀ ti kórìíra rẹ̀, kò sì díbọ́n. Philomène ni ìyá ọkọ yìí ń jẹ́. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Wùnmí, Cyriaque, ọmọ Philomène, ló fẹ́ ẹ wá sí Idigny ní ilẹ̀ Kétu. Ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà: bí Wùnmí gbálẹ̀, ilẹ̀ ò mọ́, bó se ọbẹ̀, iyọ̀ ti jà á. Gbogbo ìyẹn ṣì kéré. Omi ló sọ wọ́n di ológbò àti eku.

Ẹni tó bá mọ òkè Kétu mọ̀ pé omi jìnnà sí ọwọ́ níbẹ̀. Òjò ni àwọn àgbà ń gbà pamọ́ de ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ Philomène ló gbẹ́ sitẹ́nì agbo ilé wọn, ihò ńlá abẹ́ ilẹ̀ tí omi orí páànù ń ṣàn sí. Philomène ló ru iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ jáde, pẹ̀lú oyún Cyriaque nínú. Nígbà tí ọkọ ń kú lọ, ọwọ́ rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ ìdérí sí. Láti ìgbà náà ni kọ́kọ́rọ́ ti wà ní ìdí Philomène, ìyàwó ilé tó bá sì fẹ́ omi, kó wá kúnlẹ̀ kó tọrọ. Òfin rẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: oòrùn ò gbọdọ̀ fojú kan omi. Omi tí oòrùn bá rí á dewé, àwọ̀ rẹ̀ á dà bíi ti ewé, omi tó bá dewé ti bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ wá wo ìyàwó tó ní omi tó dewé gan-an lòun ń wá! Iṣẹ́ ẹja sísìn ni Wùnmí kọ́ ní Àjàṣẹ́. Ó to àwọn bídọ́ọ̀nù, kẹ́ẹ̀gì oníke funfun, sí ẹ̀yìnkùlé nínú oòrùn, ó ń sin nǹkan wínníwínní kan nínú wọn, tí ojú lásán ò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Alígì ni àwọn oníwèé ń pè é. Omi ewé ni ará ilé ń wí. Òun ni ọmọ ẹja ń jẹ, bí kò bá sí, wọ́n kú nìyẹn. Nígbàkígbà tí Wùnmí bá wá tọrọ omi, Philomène á wò ó látòkè délẹ̀, á bi í bí ẹni tí kò mọ̀:

"Kí lo fẹ́ fi omi ṣe, ìyàwó?"

Wùnmí á wà lórí ìkúnlẹ̀, á máa ṣàlàyé lójú àwọn ìyàwó yòókù. Ó dùn mọ́ Philomène nínú, kí la fẹ́ fi bò?

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan ni ara bàbá Wùnmí ò yá, ó sì lọ tọ́jú rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Àwọn ẹja tó wà nílẹ̀ ti dàgbà kọjá jíjẹ omi ewé, ó fi wọ́n lé Cyriaque lọ́wọ́. Alùpùpù tó gbé e lọ ò tíì kọjá oko gbágùúdá tí Philomène fi ń kó bídọ́ọ̀nù wọ yàrá àgbàdo, níbi tí kò sí fèrèsé. Ó sọ fún Cyriaque pé kí ewúrẹ́ má baà dà wọ́n nù ni, ó sì fi báàṣì, aṣọ oníke dúdú, bò wọ́n. Ohun tó ń so èso nínú oòrùn, òkùnkùn ni ikú rẹ̀, bó ṣe rò ó nìyẹn. Àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Nígbàkígbà tó bá sẹ́ ògì, á bu nínú omíkan rẹ̀, á dà á sínú bídọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan, kí kíkan náà lè parí ohun tí òkùnkùn bá fi sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Wùnmí padà dé, ó wọ yàrá àgbàdo, ó ṣí báàṣì. Àwọ̀ omi ewé ti ṣá pátápátá, ó funfun bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Ó bú sẹ́kún. Philomène ò jẹ́ kó nu ojú tán kó tó ránṣẹ́ pe Bàbá Barnabé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olórí agbo ilé. Ó rojọ́ pé omi tí wọ́n fi òógùn gbà pamọ́ ni ìyàwó yìí ń fi ṣòfò, nǹkan ọ̀hún sì ti fúnra rẹ̀ kú. Ó ní kí Bàbá pàṣẹ kí òun má fún un lómi ẹja mọ́ láé.

Wùnmí gbé omi náà sí imú. Ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Ó kàn bẹ Bàbá pé kí àwọn bídọ́ọ̀nù dúró nínú oòrùn títí di ọjọ́ ọjà Kétu. Bàbá gbà. Inú bí Philomène, ó gbé kọ́kọ́rọ́ ìdí rẹ̀ sókè.

"Ẹ gbọ́ o, gbogbo ilé! Bí òkú yìí bá tún dewé, kí kọ́kọ́rọ́ yìí kúrò ní ìdí mi, kó di ti ìyàwó yìí. Ọwọ́ mi ò kan ohunkóhun nínú rẹ̀."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ta ló rán an níṣẹ́?

Philomène gbé àpótí rẹ̀ kọjú sí bídọ́ọ̀nù, ó ń bó gbágùúdá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, funfun ni. Ó kọrin. Lọ́jọ́ kejì, omi náà dewé fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí. Ó dákẹ́ orin. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, tí gbogbo ilé sùn, ẹ̀rù ti bà á débi pé ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ lé bídọ́ọ̀nù kan láti tì í ṣubú. Ó gbójú sókè. Wùnmí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò ó, kò pariwo, kò sáré. Philomène sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, ó sì padà sídìí gbágùúdá.

Nígbà tó fi di ọjọ́ ọjà, ewé náà ti dú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i! Bàbá Barnabé fi ọwọ́ gbá bídọ́ọ̀nù, ó bi ìyàwó bó ṣe jẹ́.

"Bàbá, nínú òkùnkùn wọn ò lè ṣe ewé. Bí ẹnìkan bá bọ́ wọn níbẹ̀, wọ́n á máa jẹ, wọ́n á sì tọ́jú oúnjẹ sínú bí iṣu ṣe ń tọ́jú tiẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ dé, oúnjẹ inú yẹn ni wọ́n ná láti fi ṣe ewé. Ká ní ebi ni wọ́n fi wà nínú yàrá yẹn, wọn ò ní lágbára tó báyìí. Òórùn omíkan ògì ni mo gbọ́ nínú wọn, òun ni wọ́n jẹ. Ta ló ń sẹ́ ògì nínú ilé yìí?"

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀. Ògì Philomène nìkan ni gbogbo ilé ń mu. Philomène wojú Cyriaque, ọmọ tó gbé sínú nígbà tó ń ru iyẹ̀pẹ̀ sitẹ́nì, pé kó sọ̀rọ̀, kó kàn sọ pé ìyá òun ni. Cyriaque ń wolẹ̀. Ìyẹn dùn ún ju gbogbo ẹjọ́ lọ.

"Ìyá Cyriaque," ni Bàbá wí, "ohùn rẹ ṣì wà nílẹ̀."

Philomène tú kọ́kọ́rọ́ ní ìdí, ó sọ ọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Wùnmí bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó nù ún, ó so ó mọ́ ìdí ara rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Philomène gbé garawa dé ẹnu sitẹ́nì. Àwọn ìyàwó yòókù ti wà níbẹ̀. Ó dúró títí tí Wùnmí fi jáde, tó jókòó lórí ìdérí, tó wò ó látòkè délẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi omi ṣe, Ìyá?"

Philomène gbé garawa kalẹ̀. Ó wo àwọn ìyàwó, wọ́n ń wò ó.

"Mo fẹ́ fi sẹ́ ògì ni."