Ara Ọkọ̀ Oníbúrẹ́dì Kò Yá

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kẹrìnlá nínú oṣù kìíní. Òtútù mú tó bẹ́ẹ̀ tí èémí fi ń jáde lẹ́nu bí èéfín, ìrì sì bo gíláàsì ọkọ̀ akẹ́rù tí ó wà ní àgbàlá ilé búrẹ́dì. Ọkọ̀ náà dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò gbà pé òun dúró. Ariwo rẹ̀ ń lọ sókè bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Mẹkáníìkì tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dákẹ́-n-gbọ́ dúró níwájú rẹ̀. Orúkọ náà bá a mu, nítorí kò sí ọkọ̀ tí yóò wò láìkọ́kọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n dákẹ́, kí òun lè gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń sọ. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ajé, kò dákẹ́, kò sì gbọ́. Bí oníbúrẹ́dì, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, ti ṣe àròyé ariwo yìí ni ó ti dáhùn lójú àwọn tí ń po ìyẹ̀fun pé rìwáyà tí ó tún iná iwájú ọkọ̀ ṣe ni ó ba waya jẹ́.

"Kò mọ orí waya yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀," ni ó wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ náà ni oníbúrẹ́dì ní kí rìwáyà má tẹ àgbàlá òun mọ́. Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́, kò ṣeé kó.

Rìwáyà ti wá báyìí, ó di àpò irinṣẹ́ mọ́ àyà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi waya tí mo bà jẹ́ hàn mí. Tí mo bá ti rí i, màá tọrọ àforíjì, màá sì máa lọ."

"Ara ẹ́ńjìnnì ò tíì yá," Dákẹ́-n-gbọ́ fèsì. "Tí òtútù bá mú, ó gbọ́dọ̀ sáré díẹ̀. Tó bá gbóná tán, á rọlẹ̀. Tí ò bá rọlẹ̀, a ó wo waya ẹ."

Wọ́n dúró títí. Kò rọlẹ̀. Mẹkáníìkì da omi ọṣẹ sí ìdí àwọn rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, bóyá ibì kan ti là. Kò sí èyí tí ó là. Rìwáyà fi mítà kan waya tí ń sọ fún ẹ́ńjìnnì bí omi rẹ̀ ti gbóná tó.

"Waya yìí ò purọ́, ọ̀gá. Ó ní omi tutù. Ẹ fọwọ́ kàn án wò."

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó lè fọwọ́ kan rọ́bà ńlá tí omi ń gbà lọ sínú rédíétọ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí ó fi kọ́ ìdí ṣòkòtò rẹ̀ lu irin ọkọ̀: kàn-ìn! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé e, ara rẹ̀ sì gbóná ṣáájú ti ẹ́ńjìnnì.

Irin róbótó kan ni ó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ náà kí ó má baà sọnù. Tàmósítáàtì ni, ìlẹ̀kùn kékeré tí ń sé omi mọ́ inú ẹ́ńjìnnì títí yóò fi gbóná. Nínú ọkọ̀ yìí gan-an ni ó ti yọ ọ́ nígbà ooru, bí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe, kí ọkọ̀ má baà gbóná jù. Ẹrù lásán ni ó pè é. Nísinsìnyí, ní kété tí wọ́n bá ti sitáàtì ọkọ̀ ni omi ń sá bọ́ sínú òtútù rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń sáré kiri bí ẹni tí ń wá iná tí yóò yá.

Ó lè dákẹ́. Ó lè dá irin náà padà ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ̀bi wà lọ́rùn ẹlòmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń fa ẹ̀wù bò ó.

"Ọkọ àbúrò mi," oníbúrẹ́dì ké láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé waya náà ni?"

Kò lè gbójú sókè. Ó ní kí awakọ̀ oníbúrẹ́dì, tí ó wà nítòsí, bá òun mú páálí búrẹ́dì kan wá, ó fi dí iwájú rédíétọ̀ kí atẹ́gùn má baà wọlé, kí omi lè gbóná. Nígbà tí ó ṣe, ariwo náà bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

"Ẹ dákẹ́," rìwáyà wí, "kí a gbọ́."

Ẹ́ńjìnnì ń kùn jẹ́jẹ́. Mẹkáníìkì tú irin náà kúrò lára kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe waya. Èmi ni mo yọ èyí. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Oníbúrẹ́dì wo irin, ó wo ìdí mẹkáníìkì. "Ẹ̀yà ọkọ̀ mi lo wá fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ìdí?"

Ì bá wu mẹkáníìkì kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. "Ẹ bá mi pe àwọn tó ń po ìyẹ̀fun," ni ó wí. "Ojú wọn ni mo ti sọ ọ́."

Àwọn tí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ ni oníbúrẹ́dì, awakọ̀ rẹ̀, àwọn tí ń po ìyẹ̀fun pẹ̀lú ọwọ́ funfun, àti rìwáyà. Ìyàwó mẹkáníìkì kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ kí ọkọ rẹ̀ tó délé.